Pẹ́ẹ̀nì Mi Wà Níhìn-ín, Ìlà Mi Wà Lọ́hùn-ún

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, Etíkan ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, létí òkun Ìlàjẹ. Mo ń ya ìtàn aláwòrán kan fún àwọn ọmọdé, ìtàn ọmọbìnrin Ayétòrò kan tí òkun ń gba ilẹ̀ ìlú rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán tókunbọ̀ ni mo rà, irú èyí tí àwòrán kì í hàn lójú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ni mo ń wò bí mo ṣe ń yà. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, bí mo bá ya òbìrìkìtì, á rí bí ẹyin tó dùbúlẹ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí àwọn ọmọ lè wo àwòrán náà, ó burú sí i. Nínú Krita, ètò tí mo fi ń yàwòrán, ibi tí mo bá fi pẹ́ẹ̀nì sí kọ́ ni ìlà ń jáde. Ó ń fi bí ìka méjì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́, ìlà á tún máa gbọ̀n. Mo ti ń kọ́ ọwọ́ mi láti máa tàsé díẹ̀ kí ìlà lè bọ́ síbi tí mo fẹ́. Ṣé kí n wá òmíràn rà ni? Owó rẹ̀ ò sí lọ́wọ́.

Ayàwòrán, Etíkan

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má ra nǹkan kan. Pátákó, ìyẹn tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán, tó bá ti bàjẹ́ kì í sábà fi ìwọ̀n kan náà ṣàṣìṣe lójoojúmọ́. Tìrẹ ń fi ìka méjì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ṣáájú ni pé kí o dá ẹ̀kọ́ tí o ń kọ́ ọwọ́ rẹ yẹn dúró lónìí. Ọwọ́ ayàwòrán kì í tètè gbàgbé. Bí o bá fi oṣù méjì kọ́ ọ láti máa tàsé, ọjọ́ tí a bá tún pátákó ṣe tán, ọwọ́ ni yóò kù tí a ó máa tún ṣe.

Gbogbo ibi lórí pátákó rẹ ló ní ibi tirẹ̀ lójú láptọ́ọ̀pù. Igun òkè lápá òsì níhìn-ín ni igun òkè lápá òsì lọ́hùn-ún. Dráífà, ìyẹn ètò tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ló ń tọ́jú àdéhùn yẹn. Nígbà tí wọ́n so láptọ́ọ̀pù rẹ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà rí ojú méjì, ó sì ṣeé ṣe kí dráífà pín pátákó kan ṣoṣo fún méjèèjì. Tẹlifíṣọ̀n ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlejò ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ilé ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni náà la ń wá.

Pa Krita dé. Fi pẹ́ẹ̀nì kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó, kí o máa wo kọ́sọ̀, ọfà kékeré tó ń tẹ̀lé pẹ́ẹ̀nì. Bí pẹ́ẹ̀nì bá ti rin ìdajì pátákó tí kọ́sọ̀ sì ti dé òpin ojú láptọ́ọ̀pù, dráífà ló ṣì ń ka tẹlifíṣọ̀n mọ́ ilé. Tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ P, kí o mú “PC screen only”. Lẹ́yìn náà ṣí ètò tó bá pátákó wá, kí o yan ojú láptọ́ọ̀pù nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé bí pẹ́ẹ̀nì ṣe ń lọ sápá ọ̀tún ni àlàfo láàárín òun àti kọ́sọ̀ ń fẹ̀ sí i, ìwọ̀n pátákó àti ti ojú láptọ́ọ̀pù ni kò dọ́gba. Bí ó bá sì jẹ́ pé o gbé pẹ́ẹ̀nì, o gbé e kalẹ̀ níbòmíràn, tí kọ́sọ̀ kò fò tẹ̀lé e, wọ́n ti fi pátákó sí ipò máòsì. Yí i padà sí ipò pẹ́ẹ̀nì.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò pé pérépéré. O kọ ọ́ fúnra rẹ pé inú Krita ni ìlà ti ń yà. Bí kọ́sọ̀ bá ń gbọ́ràn níta tó wá ń ṣàìgbọ́ràn nínú Krita, Krita ló ṣì rántí tẹlifíṣọ̀n. Gbé pẹ́ẹ̀nì jìnnà sí pátákó, fi máòsì ṣí Krita, tẹ Shift mọ́lẹ̀ má fi sílẹ̀, kí o wá fi pẹ́ẹ̀nì kan pátákó. Nínú àwọn ẹ̀dà Krita kan, àpótí kékeré kan yóò yọ láti béèrè bí ojú kọ̀ǹpútà rẹ ṣe tóbi tó. Fún un ní ti láptọ́ọ̀pù nìkan. Bí àpótí náà kò bá yọ, tàbí bí ìyẹn kò bá ràn án, wọ Settings, Configure Krita, Tablet settings. Ìwọ yóò rí WinTab àti Windows Ink níbẹ̀, ọ̀nà méjì tí Krita lè gbà gbọ́ ohùn pẹ́ẹ̀nì. Èyí yòówù kó wà lórí rẹ̀ báyìí, mú ìkejì, kí o pa Krita kí o tún un ṣí. Wo ìwọ̀n ìfihàn Windows náà: bí ó bá wà ní 125% tàbí 150%, dá a padà sí 100% kí o fi dán an wò.

Tókunbọ̀ ni pátákó rẹ, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ bi ọ́: ṣé o ti fi dráífà pátákó mìíràn sórí láptọ́ọ̀pù yẹn rí? Ògbufọ̀ méjì kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara. Yọ gbogbo wọn kúrò, pa kọ̀ǹpútà kí o tún un tàn, kí o wá fi ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti pátákó rẹ sí i. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára ni kí o ti gbé e wálẹ̀, kí o fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú fláàṣì.

Ọ̀rọ̀ òbìrìkìtì tí o fara mọ́ yẹn dùn mí, nítorí kò yẹ kí o fara mọ́ ọn rárá. Ká ní pátákó rẹ jẹ́ íǹṣì 10 ní ìbú àti 6.25 ní gíga, tí láptọ́ọ̀pù sì jẹ́ 1366 sí 768. Òbìrìkìtì tí ọwọ́ rẹ yà ní íǹṣì 2 yóò fẹ̀ tó píksẹ́lì 273, ṣùgbọ́n kò ní ga ju 246 lọ. Ẹyin tó dùbúlẹ̀ nìyẹn. Nínú ètò pátákó, wá ibi tí wọ́n kọ “Force Proportions” tàbí “Screen Ratio” sí, kí o tàn án. Yóò gé díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ pátákó, á ku bí íǹṣì 5.6 ní gíga, òbìrìkìtì á sì di òbìrìkìtì.

Ti gbígbọ̀n yàtọ̀ pátápátá. Pẹ́ẹ̀nì irú pátákó báyìí sábà máa ń wà láìní bátìrì. Wáyà tín-ín-rín ló wà lábẹ́ ojú pátákó, wọ́n ń rán agbára jáde, wáyà róbótó inú pẹ́ẹ̀nì ń dá wọn lóhùn. Ìdáhùn yẹn ni pátákó fi ń mọ ibi tí pẹ́ẹ̀nì wà. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ariwo kékeré a máa bò ó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò ní wáyà ilẹ̀, pẹ̀lú ṣájà tí kò jọjú, ariwo gan-an nìyẹn. Yọ ṣájà, fi bátìrì láptọ́ọ̀pù yàwòrán fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, o ti mú olè: máa gba iná sínú bátìrì nígbà tí o bá ń sinmi, kí o máa yàwòrán nígbà tí o bá yọ ṣájà. Gbé fóònù jìnnà, pàápàá bí àpò rẹ̀ bá ní mágnẹ́ẹ̀tì, má sì gbé pátákó lé páànù tàbí tábìlì onírin. Pákó dára jù.

Afẹ́fẹ́ òkun tiyín níyọ̀ nínú, iyọ̀ a sì máa jẹ ẹnu okùn USB. Fi aṣọ gbígbẹ nù ún lálaalẹ́, kí o kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré agbomi tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun.

Fún ẹlòmíràn tó ń ka èyí, tí pátákó tirẹ̀ ń fi àwòrán hàn lójú ara rẹ̀: ọmọ Ìlàjẹ mọ̀ pé ibi tí ojú ti rí ẹja nínú omi kọ́ ni ẹja wà. Gíláàsì tó wà láàárín ẹnu pẹ́ẹ̀nì àti àwòrán ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Jókòó bí o ṣe máa ń jókòó yàwòrán gan-an, kí o tó ṣí “Calibrate” láti fi pẹ́ẹ̀nì kan àwọn àmì tó bá yọ.

Àbúrò mi, má da ojú ìwé tí o ti yà nù. Ohun tí ojú rẹ rí lójú láptọ́ọ̀pù ni Krita fi pamọ́, kò sí ohun tó yà nínú wọn bí kò ṣe èyí tí ìwọ náà rí. Èyí tó bá fẹ̀ jù, tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ T, kí o fún un wọlé díẹ̀ díẹ̀. Ojú ọmọbìnrin Ayétòrò yẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣe.