Ṣé dandan ni bóòtù tuntun?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ pààrọ̀ páàdì bíréèkì iwájú ọ̀kadà mi. Mẹkáníìkì ní kí n ra bóòtù tuntun mọ́ ọn. Ṣé dandan ni?
Ọlọ́kadà kan, Fájuyì, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó dá lórí bóòtù tó ń sọ. Páàdì nìkan lo fẹ́ pààrọ̀, kò sídìí tí wàá fi tú èyí tó so díìsìkì mọ́ wíìlì. Bó o bá tú ìyẹn, tuntun ni kó o ra. Bẹ́ẹ̀ ni Honda kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe ọ̀pọ̀ alùpùpù wọn.

Bóòtù kálípà ṣeé lò padà, bí ìwé àtúnṣe ọ̀kadà rẹ kò bá ní kó o ra tuntun. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ eyín rẹ̀, kó o fi ìka lásán yí i wọlé. Bó bá wọlé láìjà, ó ṣì dáa: kán gọ́ọ̀mù bóòtù sí i, kó o yí i le. Bí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, jọ̀ọ́, má ro ti owó. Má sì kàn ra èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wọ ihò. Nọ́ńbà orí bóòtù, bíi 8.8 tàbí 10.9, ló ń sọ agbára rẹ̀.

Wáṣà bàbà ìdí róbà epo bíréèkì ńkọ́? Bó o bá tú u, pààrọ̀ rẹ̀, kí epo má baà máa jò.

Tó o bá parí, fa ọwọ́ bíréèkì léraléra títí á fi le, kó o dán an wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kó o tó gbé èrò lọ sí òkè Ẹ̀fọ̀n.