Ọtí, Ọkọ̀ àti Ẹ̀mí Ìdílé: Ṣé Ó Yẹ Kí Ọkọ̀ Máa Yẹ Èémí Awakọ̀ Wò?

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé, ní Ìbẹ̀fun àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ṣọ̀wọ́n kí Sátidé kan kọjá láìsí ìnáwó. Ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìṣílé a máa kó ẹbí jọ. Bí Ojúde Ọba bá sì dé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tọmọdé tàgbà a máa rọ́ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Èkó àti láti ọ̀nà jíjìn. Oúnjẹ a wà, ọtí náà a sì wà. Nígbà tí ayẹyẹ bá parí, ẹnì kan ni yóò jókòó sídìí ọkọ̀ láti gbé ìyá àti ọmọ padà sílé. Ọwọ́ ẹni náà ni ẹ̀mí gbogbo wọn wà.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni èyí, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ó ń kú lójú pópó lọ́dún, àti pé ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ ní àgbáyé. Ọtí wà lára ohun tí ó ń fa irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀.

KÍ NI ỌTÍ Ń ṢE NÍNÚ ARA?

Bí ènìyàn bá mu ọtí, ọtí náà yóò gba inú ikùn àti ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e lọ sí ọpọlọ. Kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ ni ìrònú ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹni náà yóò rò pé ara òun le; yóò sáré ju bí ó ti yẹ lọ; kò ní tètè rí ọmọ tí ó ń sọdá títì. Ọkọ̀ tí ó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọtí bá mú kí awakọ̀ fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá péré pẹ́ kí ó tó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà ti fi mítà 11 lọ síwájú sí i. Mítà 11 yìí lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin ìyè àti ikú.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í kánjú. Ìgò bíà ńlá kan lè gbà á ní wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọfí kò lè mú un yá. Omi tútù, epo pupa àti oúnjẹ líle tí a jẹ lẹ́yìn ọtí kò sì lè ṣe é. Ẹni tí ó mu ọtí púpọ̀ di òru lè jí láàárọ̀ kí ọtí ṣì wà lára rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé ọtí ni paraga. Bí a tilẹ̀ pè é ní agbo jẹ̀díjẹ̀dí, ọtí líle ni a fi rẹ egbò inú rẹ̀.

BÁWO NI Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ní ọtí nínú ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, díẹ̀ nínú ọtí náà a sì bá èémí jáde. Ìdí nìyí tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, fi máa ń ní kí awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré. Ní Nàìjíríà, ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 50 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ lọ.

Irú ẹ̀rọ yìí ni a lè so mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Awakọ̀ yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí ó bá rí ọtí tí ó ju ìwọ̀n lọ, ọkọ̀ kò ní ṣíná. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá tí ń kó èrò ti gbọ́dọ̀ ní in. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti oṣù keje ọdún 2024 ni a ti ní kí ọkọ̀ tuntun ní àyè tí a lè so ẹ̀rọ náà mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 pé kí a ṣe ìlànà tí yóò fi ẹ̀rọ tí ń dènà wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú ọtí lára sínú ọkọ̀ tuntun láàrin ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ náà kọjá láìjẹ́ pé ìlànà náà ti jáde.

Ìwádìí fi hàn pé bí a bá so ẹ̀rọ náà mọ́ ọkọ̀ àwọn tí a ti mú rí, àtúnṣe ẹ̀ṣẹ̀ yẹn a máa dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, ọ̀pọ̀ a tún padà sí ìwà àtijọ́.

ǸJẸ́ Ó YẸ NÍ ILẸ̀ WA?

Àwọn kan yóò sọ pé kò ṣeé ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ owó àti àyẹ̀wò lóòrèkóòrè. Ẹlòmíràn lè bá awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò sì lè dá igbó, tramadol tàbí oorun mọ̀.

Síbẹ̀, a ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́ rí. Ní ọdún 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ọkọ̀ akérò ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí eré ju ìwọ̀n lọ. Ẹni tí ó lè so ẹ̀rọ eré mọ́ ọkọ̀ lè so ẹ̀rọ ọtí mọ́ ọn.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ gbogbo onímọ́tò. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ tí ń kó ọmọ iléèwé, bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn àti ọkọ̀ agbépo, nítorí pé àṣìṣe awakọ̀ kan níbẹ̀ lè pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó kan awakọ̀ tí a ti mú nítorí ọtí. Èrò ọkọ̀ kò lè yẹ awakọ̀ wò. Ó tọ́ kí ọkọ̀ bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

KÍ NI ÌDÍLÉ LÈ ṢE NÍSINSÌNYÍ?

Kí òfin tó dé, ìfura loògùn àgbà.

1. Kí ẹ tó kúrò nílé lọ síbi ìnáwó, ẹ yan ẹni tí kò ní fi ẹnu kan ọtí rárá, kí ó wa ọkọ̀ padà.

2. Bí olórí ilé bá ti mu ọtí, ẹ má ṣe bá a jà ní gbangba. Ẹ pè é sẹ́yìn: "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní kọ́kọ́rọ́, kí àwọn wà wá lọ sílé." Bí kò bá sí ẹni tí ó lè wà á, ẹ sùn síbẹ̀. Ìtìjú òru kan sàn ju ọ̀fọ̀ lọ.

3. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu awakọ̀ akérò tàbí ọlọ́kadà, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ rẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé ọmọ sí i. Bí ẹ bá ti wà nínú ọkọ̀, ẹ jọ sọ fún un pé kí ó dúró, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ níbi tí ènìyàn wà. Nọ́ńbà FRSC ni 122.

4. Ẹ bi iléèwé àwọn ọmọ yín léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé awakọ̀ wọn kò mutí.

5. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta paraga ní gáréèjì, a mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ ni ẹ ń wá. Ẹ rántí pé ọmọ ẹlòmíràn wà nínú ọkọ̀ tí oníbàárà yín fẹ́ wà. Ẹ má tà á fún awakọ̀ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí ẹni tí ó mutí kò fi lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé kò yẹ kí òun wa ọkọ̀?
2. Irú ọkọ̀ wo ní agbègbè yín ni ó yẹ kí ẹ̀rọ tí ń dá ọtí mọ̀ kọ́kọ́ dé?
3. Ní ìnáwó tí ó ń bọ̀, ta ni yóò wa ọkọ̀ yín padà sílé? Ẹ dárúkọ rẹ̀ lónìí.