Èdè-Ìperí fún Yíyan Tẹlifóònù Orí-Íntánẹ́ẹ̀tì: Àpẹẹrẹ Oníṣòwò ní Ẹ̀júkù

1. Ìfáàrà

Àkójọ èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa ni láti mú irú ètò bẹ́ẹ̀ dé ìdí òwò àti ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a mú oníṣòwò kan ní Ẹ̀júkù, ní ilẹ̀ Yàgbà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ó ní ilé-ìkẹ́rù sí ìlú náà, ó sì ní ọ́fíìsì sí Kabba. Ó ń fẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí àwọn oníbàárà yóò máa pè, tí òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn yóò sì máa gbé níbikíbi tí ó bá wà. Bí atúmọ̀-èdè bá kọ "fóònù ọ̀fẹ́" sínú ìwé ìpolówó fún un, kí ni yóò fi yàn? Èrò wa ni pé ìperí tí ó yẹ ni èyí tí ó fi ohun tí ẹ̀rọ gbára lé han ẹni tí yóò sanwó.

2. Orúkọ ẹ̀rọ náà

"Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀" ti gbòòrò jù; gbogbo fóònù ni ó kó pọ̀. Ohun tí a dábàá ni "tẹlifóònù orí-íntánẹ́ẹ̀tì". Ọ̀rọ̀ náà "orí" ṣe pàtàkì, nítorí pé ó sọ ibi tí ẹ̀rọ náà dúró lé. Tẹlifóònù oníwáyà àtijọ́ ń gba iná, nǹkan bí fólìtì 48, láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù nínú wáyà rẹ̀. Bí iná ilé tilẹ̀ kú, ó lè máa ṣiṣẹ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, tí kò sí bátìrì tàbí iná oòrùn tí yóò gbé ráútà dúró, ìpè dákẹ́ nìyẹn.

3. Ìrìn-àjò ohùn

Ẹ̀rọ a máa wọn ohùn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, a sì máa gé e sí wẹ́wẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan ni a pè ní "ìdì ohùn". 50 irú rẹ̀ ni ó sábà máa ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní "ewé", ìyẹn àdírẹ́sì àti àmì tí a fi wé e. Lábẹ́ ìlànà G.711, ohùn inú ìdì jẹ́ báìtì 160, ewé rẹ̀ jẹ́ 40. Ìpè kan ń fẹ́ kílóbíìtì 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ní àlọ àti ní àbọ̀. Lábẹ́ G.729, ohùn jẹ́ báìtì 20, ewé ṣì jẹ́ 40: ewé wúwo ju ẹ̀kọ lọ, síbẹ̀ kílóbíìtì 24 péré ni ìpè náà ń gbà. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ti lágbára, ó yẹ kí oníṣòwò béèrè ìlànà tí wọ́n ń lò.

Àléébù mẹ́ta ni ó lè bá ìdì lójú ọ̀nà:

(a) Ìpẹ́lọ́nà (ì + pẹ́ + ní + ọ̀nà). Àjọ ITU dámọ̀ràn pé kí àlọ ohùn má ju mílísẹ́kọ́ńdù 150 lọ. Sátẹ́láìtì tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè yóò ti gba nǹkan bí 240 kí ohùn tó kan ilẹ̀; ti Starlink, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2023, ń fò ní nǹkan bí kìlómítà 550, ìpẹ́lọ́nà rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ní ilẹ̀ Òkun, níbi tí orúkọ àwọn ènìyàn náà ti inú ìkíni wá, ìpẹ́lọ́nà a máa mú kí ẹni méjì kí ara wọn pọ̀ mọ́ra, kí àwọn méjèèjì sì tún dákẹ́ pọ̀.

(b) Ìdé ségesège. Àwọn ìdì kò dé ní ìwọ̀n àkókò kan náà; ohùn a sì máa já.

(d) Ìsọnù ìdì. Bí ẹyọ kan bá sọnù, etí lè má mọ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá sọnù tẹ̀ léra, sílébù kan lè bá a lọ. Ẹ wo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin: sílébù ìkẹyìn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá ń ná kílò kajú kan, 200 náírà ni sílébù náà.

4. Ẹni tí ń pín ìpè

Ẹ̀rọ tí ń gba ìpè wọlé, tí ó sì ń darí rẹ̀ sí ẹ̀ka tí ó yẹ, ni a dábàá pé kí a máa pè ní "apínpè" (a + pín + ìpè). Oríṣi méjì ni. "Apínpè àdáni" wà nínú ọgbà oníṣòwò. Òun ni yóò rà á, òun ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, àwọn tí ó wà nínú ọgbà kan náà ṣì lè pe ara wọn. "Apínpè àháyà" wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń tà á, a sì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ìpè láti yàrá kan sí èkejì lè dákẹ́ pẹ̀lú. Fún oníṣòwò wa, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú méjì, àháyà ni ó rọrùn jù, bí ó bá lè ní ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kejì, tí ó sì lè darí ìpè sí fóònù alágbèéká nígbà tí méjèèjì bá kọ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé ìperí wọ̀nyí ni òpin. A rọ olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè kí wọ́n gbé wọn lọ sí ọjà, kí wọ́n sì wò bóyá ẹni tí ó gbọ́ "ìpẹ́lọ́nà" tàbí "apínpè àháyà" lè bi olùtajà ní ìbéèrè tí ó yẹ. Èyí tí kò bá ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti béèrè, ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀.