Igi Tí Yóò Bá Omi Gbé

“Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá,” ni àwọn àgbà wí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì kan ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ, ẹni tí Elédùmarè kẹ́ débi tó fi gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìnkùlé rẹ̀ n'Íbàdàn ni, tó wá ń wá igi tí yóò fi ṣe àyíká rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹwà òòjọ́ a máa gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú, kò sì ní í rántí bi igi léèrè ohun tí yóò máa já sílẹ̀, ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ, àti irú oje tí ń bẹ lára rẹ̀.

Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ a máa di ọṣẹ, ṣùgbọ́n ewé tó bá pẹ́ nínú adágún kì í di omi: rírà ni yóò rà, yóò dí asẹ́, yóò jẹ agbára oògùn kọlorínì tí a dà sómi, yóò sì di oúnjẹ fún nǹkan aláwọ̀ ewé tí ń mú ara ògiri yọ̀. Nítorí náà fúrútù, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, tí í pọ́n tí í sì í wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe aládùúgbò rere fún omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni máńgòrò, tí èso rẹ̀ tó rà ń pe eṣinṣin. Odán ńkọ́? Ojúde ọba àti ojú ọjà ni àwọn baba wa ń gbìn ín sí, níbi tí ààyè gbé gba gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá bá ògiri kọnkéré pàdé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi là á. Ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ kò sì wọ bàtà, kò wọ ẹ̀wù; kí ọrọ́, tí oje rẹ̀ ń ba ojú jẹ́, àti ohun ẹlẹ́gùn-ún gbogbo jìnnà sí i.

Kí ni kí a wá gbìn? Pèrègún, igi ààlà, igi ojúbọ, ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ: ó dúró ṣánṣán, kò gba ààyè, ewé gígùn rẹ̀ tó bá sì gbẹ ṣeé fọwọ́ ṣà. Ìdò olódòdó pupa tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀ nítorí oyin. Bí ó bá ṣe igi ìbòòji ni, ìwọ̀-oòrùn ni kí ó wà, kí ó sì jìnnà tó gíga tí yóò ga: oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni yóò bá wa dí, ọyẹ́ tí ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn lásìkò tí ewé ń wọ́ yóò sì gbá ewé rẹ̀ sẹ́yìn, kì í ṣe sómi.

Kí ẹ tó sanwó igi, ẹ bi ara yín pé ta ni yóò máa ṣa ewé rẹ̀ láràárọ̀. Bí ẹ kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀yin ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.