Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí oògùn irorẹ́

Ìbẹ̀fun, Ìjẹ̀bú

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìpè rẹ alẹ́ àná kò jẹ́ kí n sùn. O ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́, àti pé ẹnìkan sọ fún ọ pé isotretinoin tí o ń lò fún irorẹ́ máa ń fa jẹjẹrẹ egungun. Fọkàn balẹ̀ ná. Ohun tí wọ́n rí lára egungun àwọn tó ń lò ó kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ní 1983, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn tí awọ ara wọn rí bí ìpẹ́ ẹja, tí wọ́n lo oògùn náà pẹ́. Egungun ẹ̀yìn wọn yọ ṣóńṣó. Egungun tó hù kọjá ààlà nìyẹn. Ó lè mú kí ẹ̀yìn gan. Ẹlòmíràn kì í mọ̀ rárá àfi tí wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀.

Ibòmíràn ni ọkàn tèmi wà. Oṣù 4 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń fi oògùn yìí tọ́jú irorẹ́. Ìwọ ti wọ ọdún kejì! Ta ló ń wò ọ́? O ní o kàn ń mú páálí rẹ̀ lọ sí kẹ́míìsì ni. Nígbà tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì, a máa ń gba ẹ̀jẹ̀ irú yín yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ bíbí fítámì A ni oògùn náà, nítorí náà má gbé hóró fítámì A mì lé e lórí. Epo pupa ò sí lára ohun tí mo ní kí o yẹra fún o: ìwọ̀n tí ara bá nílò ló ń sọ di fítámì nínú rẹ̀. Máa jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ.

Ìgbéyàwó yín tó ń bọ̀ ló ń já mi láyà jù. Oògùn yìí máa ń ba ojú, etí, ọkàn àti ọpọlọ ọmọ inú oyún jẹ́. Oyún kò gbọ́dọ̀ dúró nígbà tí o bá ń lò ó, àti fún oṣù 1 gbáko lẹ́yìn tí o bá jáwọ́. Sọ fún ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ lálẹ́ yìí, má tijú.

Má lo òmíràn mọ́ títí dókítà yóò fi rí ọ. Wá sílé lọ́jọ́bọ̀, kùtùkùtù, ká jọ lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù. Mú gbogbo páálí oògùn náà dání, òfìfo pàápàá, kí o sì kọ ọjọ́ tí ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ, Màmá Nọ́ọ̀sì