Èbúté Ìsokọ̀: Orúkọ àti Oríkì Rẹ̀

Aláúsá kò sí létí ọ̀sà. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó wà, òfin ìpínlẹ̀ náà ni ó sì dá àjọ LASWA sílẹ̀ ní 2008 fún ìrìnnà ojú omi. Bí a bá fẹ́ kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, kí ni a ó pe ibi tí a ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́? ‘Màrínà’ kò bá a mu, nítorí pé òpópónà ni ó ń tọ́ka sí ní Èkó. ‘Èbúté’ nìkan kò tó: ibi tí èrò ti ń gúnlẹ̀ ni, bí ó ti hàn nínú Èbúté Èrò. A dábàá èbúté ìsokọ̀.

Ẹnu atukọ̀ ni kí a ti gba oríkì rẹ̀:

(i) ìjìnlẹ̀ omi: kí ó tó ọkọ̀ í gbé, àní nígbà tí omi bá fà;
(ii) pèpéle aléfòó: èyí tí ń bá omi gòkè, tí ń bá a sọ̀kalẹ̀, kí ẹsẹ̀ èrò má baà yẹ̀;
(iii) òpó ìsokọ̀: èyí tí ìgbì kò lè fà tu;
(iv) alábòójútó: ẹni tí ń tan iná lálẹ́, tí ń kó koríko ojú omi kúrò, tí kò sì jẹ́ kí iná súnmọ́ epo.

Èyí tí ó bá ṣaláìní ọ̀kan nínú wọn, èbúté lásán ni. Bí a bá fún un ní orúkọ tí kò tọ́ sí i, a ti tan atukọ̀ jẹ. Ẹ̀mí sì lè bá a lọ.