“In quanti siete?”: Bí Ará Ítálì Ṣe Ń Béèrè Iye Àlejò

Láàrin àwa Yorùbá, tí a ń se àsè fún àpè àti àìpè, tí mo-gbọ́-mo-yà pàápàá kì í dé ibi ìnáwó kí ó má rí oúnjẹ jẹ, tí àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó rọrùn kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Ítálì ka ìbéèrè kan tí yóò máa gbọ́ lemọ́lemọ́ sí ìwà ahun: “In quanti siete?”, èyí ni pé, “Ẹ̀yin mélòó ni?” Kì í ṣe ahun rárá. Láti Róòmù, ìlú olókè méje, títí dé Napoli tí ó gúnlẹ̀ sí etí òkun, pasta kì í dúró de àlejò; bí ó bá ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, ó rọ̀ jọ̀jọ̀, adùn rẹ̀ sì lọ. Nítorí náà ni ẹni tí ń dáná fi máa ń wọn bí i gíráàmù 80 sí 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kì í sì í “ju pasta” sómi (bí àwọn fúnra wọn ti ń wí i nìyẹn, “buttare la pasta”) títí iye ẹnu tí yóò jẹ ẹ́ yóò fi dá a lójú. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà nínú ìbéèrè náà fún ọmọ Yorùbá. Bí ìwọ nìkan bá pe ilé oúnjẹ kan pé kí wọ́n fi tábìlì pamọ́ dè ọ́, “siete” ni wọn yóò fi bi ọ́, ọ̀rọ̀ ẹni púpọ̀. Àwa tí a sì ń fi “ẹ” kí àgbà, àna àti àjèjì yóò yára gbà pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi wọ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. “Lei” ni ará Ítálì fi ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì máa ń bá a rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní gúúsù, ní agbègbè Napoli, àwọn kan ṣì ń fi “voi”, ẹ̀yin, pọ́n àgbà lé. Ẹ̀rí tí mo ní rèé: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní “tu”, ìwọ, láti àárọ̀ dalẹ́ yóò ṣì bi í pé, “In quanti siete?” Iye àwọn tí ó ń kó bọ̀ ni ó ń béèrè, ẹni tí a bi dúró fún gbogbo wọn.

“In” yẹn kò sì jẹ mọ́ inú ohunkóhun. Níwájú iye tí ó dá dúró ni ó máa ń wà: “Siamo in sei”, àwa mẹ́fà ni. Bí a bá fi ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé iye náà, “in” sábà máa ń kúrò nílẹ̀: “Quante persone siete?” “Quante” ni, kì í ṣe “quanti”, nítorí pé ọ̀rọ̀ abo ni “persona” lédè wọn, ìbáà jẹ́ onírùngbọ̀n nìkan ni gbogbo àlejò náà. Onílé tí ó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn yóò wí pé, “In quanti saremo?”, mélòó ni a ó jẹ́, èyí tí ó fẹ́ mọ iye àlejò nìkan yóò wí pé, “Quanti invitati vengono?” Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì lè ṣi àga tò.

Ní ti ìdáhùn, “una decina”, “una quindicina”, “una ventina” ni bí i mẹ́wàá, bí i mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí i ogún. Wọ́n dára fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n wọn kò dára fún ilé oúnjẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń gba owó ìjókòó tí à ń pè ní “coperto” lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ará Ítálì bá sì wí pé “quattro gatti”, ológbò mẹ́rin, ni ó wá, kí a má ṣe wá ológbò kiri. Ènìyàn tí ó wá kò tó nǹkan ni.

Àwọn ará Ítálì náà ní iye tí wọ́n ń sá fún. Nítorí pé mẹ́tàlá ni Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ ìkẹyìn, tí Júdásì sì wà láàrin wọn, onílé tí ó gba èyí gbọ́ kò ní fẹ́ gbọ́ “Siamo in tredici”, yóò kúkú wá ẹnì kan sí i, kí ó lè wí pé, “Siamo in quattordici.”